Báwo lẹ ṣe ń ṣàlàyé ilẹ̀ yìnyín àti àwọn ẹranko ibẹ̀ fún ọmọ kékeré?

Ìyá Dámi (Kàbà)

Ẹ̀yin ará ilé, òkun o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n rí pẹ́ńgúìnì nínú fóònù bàbá wọn, láti ìgbà náà ni a kò ti gbádùn ètí wa. Àbúrò ní adìẹ ni, ó kàn wọ kóòtù ni. Ẹ̀gbọ́n ní adìẹ kì í lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n ń bi mí pé kí ni wọ́n ń jẹ níbi tí kò sí iṣu, ta ló kọ́ ilé fún wọn, ṣé òtútù ibẹ̀ tó ti ọyẹ́ tó ń mú wa da aṣọ méjì bora láàárọ̀. Mo dáhùn èyí tí mo mọ̀, kò sì pọ̀.

N kò fẹ́ kó jẹ́ fóònù ni màá kàn gbé lé wọn lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan nǹkan, kí wọ́n fi ṣeré. Ìsinmi ti wọlé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló wà lọ́wọ́ wa. Iná wa kì í dúró, fíríìsà wa sì kéré. Kí lẹ ti ṣe fún àwọn ọmọ tiyín?

Tísà Nọ́sìrì (Ìsánlú)

Òkun o, Ìyá Dámi. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni mò ń kọ́, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ fi pẹ́ńgúìnì sílẹ̀ ná, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí yìnyín. Àwọn ọmọ wa mọ yìnyín. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, tí yìnyín ń lu páànù, ṣebí àwọn ni wọ́n máa ń sáré jáde lọ ṣà á sínú abọ́, tí àwọn míì á ti jù ú sẹ́nu? Ẹ rán wọn létí ọjọ́ yẹn. Kí ẹ bi wọ́n pé: nígbà tí ẹ gbé abọ́ wọlé, kí ló ṣẹlẹ̀ sí i? Wọ́n á ní ó yọ́. Ẹ wá sọ fún wọn pé ibì kan wà láyé tí èyí tó bọ́ lánàá kì í yọ́ kí tòní tó bọ́ lé e lórí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ga láti ayébáyé. Yìnyín tó bo ilẹ̀ Antarctica nípọn tó nǹkan bíi kìlómítà méjì. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé láti ẹnu géètì wa dé ọjà ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n rò ó pé sísàlẹ̀ ni ọ̀nà náà lọ.

Eré tí wọ́n fẹ́ràn jù rèé. Ẹ wá abọ́ róbà, ẹ bu omi sí i dé ìdajì, ẹ ju ẹranko róbà kéékèèké sí i. Bí kò bá sí, ewé gúáfà, ìdérí ìgò tàbí ẹ̀pà nínú èèpo rẹ̀ ṣeé lò. Ẹ gbé e sínú fíríìsà títí á fi dì. Lọ́jọ́ kejì ẹ dojú rẹ̀ dé sínú tírè, kí ẹ sọ fún wọn pé yìnyín ti há ẹran mọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ gbà á sílẹ̀. Ẹ fún ọ̀kan ní ṣíbí, ẹ fún èkejì ní iyọ̀, kí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ wà nínú ife. Ẹ má sọ fún wọn pé iyọ̀ ló máa yára, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n bá pariwo pé iyọ̀ ń jẹ yìnyín, ìgbà yẹn ni kí ẹ sọ fún wọn pé ìdí nìyẹn tí omi òkun kì í tètè dì bí omi odò: iyọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ti iná tí ẹ sọ, ẹ lọ bá àwọn tó ń ta ohun mímu tútù lọ́jà, wọ́n á ta yìnyín ńlá kan fún yín. Ẹ fi àpò wé e, kí ẹ kó lẹ́búlẹ́bú igi lé e. Á dúró títí ọ̀sán.

Bàbá Olùkọ́ (Ìyàrà)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Jọ́gíráfì ni mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ, kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí Tísà sọ dára. Èmi á fi kún un pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ rò pé ibì kan ṣoṣo ni ilẹ̀ yìnyín. Méjì ni. Ọ̀kan wà ní ìpẹ̀kun ayé lókè lọ́hùn-ún, ní àríwá, èyí ni Arctic. Èkejì wà ní ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀, ní gúúsù, èyí ni Antarctica. Wọn kò jọra rárá. Ti àríwá, òkun ló wà láàárín, ilẹ̀ ló yí i ká, yìnyín tó wà níbẹ̀ ń léfòó lórí omi ni. Ti gúúsù, ilẹ̀ ló wà láàárín, òkun ló yí i ká.

Ẹ mú ọsàn kan. Ẹ ki igi ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí igi ti wọlé àti ibi tó ti jáde, ìpẹ̀kun ayé méjèèjì nìyẹn. Ẹ fi bírò fa ìlà yí ìbàdí ọsàn ká, kí ẹ wá to àmì kékeré kan sókè ìlà náà díẹ̀. Kàbà nìyẹn. Ìwọ̀n 8 péré ni a fi jìnnà sí ìlà yẹn, nígbà tí ìpẹ̀kun wà ní ìwọ̀n 90. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ọsàn náà, kí igi rẹ̀ dagun díẹ̀, ẹ sì máa yí i. Ọmọ á rí i pé ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí Kàbà lójú gan-an, ṣùgbọ́n ó kàn ń rá kọjá lára orí ọsàn ni. Á tún rí i pé bí ẹ ṣe ń yí i tó, ìpẹ̀kun kan kò kúrò nínú ìmọ́lẹ̀, èkejì kò kúrò nínú òkùnkùn. Bó ṣe rí níbẹ̀ gan-an nìyẹn: oṣù mẹ́fà ojúmọmọ, oṣù mẹ́fà òkùnkùn. Ọmọ-ọmọ mi bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n wá ń sùn. Mo ní kọ́tìnì ni wọ́n ń fà.

Ọmọ Mọ̀pà

Ẹ kú ìjókòó. Ní tèmi o, ìtàn ni kí ẹ sọ fún wọn, ìyẹn ló ń wọ ọmọ lára. Ẹ sọ bí béárì funfun ṣe ń lé pẹ́ńgúìnì kiri lórí yìnyín. Tèmi fẹ́ràn ìtàn tí ẹni ńlá bá ń lé ẹni kékeré tí ọgbọ́n sì gba ẹni kékeré là, bíi ti ìjàpá.

Bàbá Olùkọ́ (Ìyàrà)

Ọmọ Mọ̀pà, ọmọ mi, òkun o. Ibi tí mò ń bẹ̀rù rẹ̀ gan-an lo bọ́ sí yẹn, ìwọ nìkan kọ́, àwòrán inú ìwé àti ara bísíkíìtì ló fà á. Béárì funfun àti pẹ́ńgúìnì kò fojú kan ara wọn rí nínú igbó. Àríwá ni béárì wà, gúúsù ni pẹ́ńgúìnì wà, gbogbo ayé ló wà láàárín wọn, títí kan èmi àti ìwọ. Síìlì, ẹran inú òkun kan tó ń yọrí sókè láti mí, ni béárì ń pa jẹ. Á jókòó ti ihò tó wà lára yìnyín fún wákàtí púpọ̀, á máa retí kí síìlì yọrí wá mí. Ọdẹ wa tó gun ẹ̀gùn dúró de ẹran mọ irú sùúrù yẹn. Sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ rẹ, ìtàn ni òun náà.

Èyí tí ọmọ bá kọ́ ní ọdún mẹ́rin máa ń pẹ́ nínú orí rẹ̀. Mo ti rí ọmọ girama tó kọ ọ́ sínú ìdánwò pé béárì ń jẹ pẹ́ńgúìnì.

Ẹ tún sọ fún wọn pé kì í ṣe gbogbo pẹ́ńgúìnì ló ń gbé inú yìnyín. Nílẹ̀ Áfíríkà níbí, pẹ́ńgúìnì wà ní etíkun South Africa àti Nàmíbíà, lórí iyanrìn, nínú oòrùn. Iye wọn ti dín kù púpọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ wọ́n.

Ọmọ Mọ̀pà

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Tọkàntọkàn ni mo fi ń sọ ọ́ fún wọn láti ọjọ́ yìí. Màá tún un sọ lálẹ́ òní.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́ (Ẹ̀gbẹ̀)

Òkun o. Ìbéèrè tí àwọn ọmọ máa ń bi mí ni pé kí ló dé tí òtútù kì í pa àwọn ẹran yẹn. Ohun tó wà nílé wa ni mo fi ń dáhùn rẹ̀: òrí.

Ẹ wá náílọ́nù mẹ́rin tó mọ́. Ẹ bu òrí púpọ̀ sínú ọ̀kan, ẹ ki náílọ́nù kejì bọ inú rẹ̀, kí òrí wà láàárín àwọn méjèèjì bí ìgbà tí a fi nǹkan sáàárín búrẹ́dì. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè tàn yíká, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ pọ̀. Àwọn méjì tó kù, ẹ kì wọ́n bọnú ara wọn láìfi òrí sí i. Ọmọ á ki ọwọ́ kan sínú èyí tó ní òrí, ọwọ́ kejì sínú èyí tí kò ní, á wá ri méjèèjì bọ omi tó ní yìnyín. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ọwọ́ òfìfo á ti jáde. Èyí tó wà nínú òrí á ṣì jókòó síbẹ̀. Bí ọ̀rá inú ara síìlì àti àbùùbùtán ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀rá yẹn lè nípọn ju ìka ọwọ́ lọ dáadáa. Àwọn ọmọ tí mo kọ́kọ́ ṣe é fún kò jẹ́ kí n sinmi mọ́, wọ́n fẹ́ kí n fi òrí pa gbogbo ara wọn kí wọ́n lè wọ inú yìnyín.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Bí ọmọ yín bá jẹ́ SS, ẹ má jẹ́ kó ki ọwọ́ bọ omi yìnyín rárá. Òtútù lè ta àìsàn náà jí, kó dá ìrora eegun sílẹ̀. Kí ó jẹ́ òun ni yóò máa ka ìṣẹ́jú àáyá fún àwọn tó kù tàbí kó máa da iyọ̀. Bí ẹ bá kó ọmọ àwọn aládùúgbò jọ, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ìyá wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Fún àwọn tí ara wọn le pàápàá, kó má ju ìlàjì ìṣẹ́jú lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì nu ọwọ́ wọn gbẹ.

Ọmọ Gbẹ̀dẹ̀ ní Kánádà

Ará ilé mi, òkun o. Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, Kánádà ni mo wà báyìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa òjò dídì, nítorí pé èmi náà ṣì í mọ̀ kí n tó débí. Nínú Bíbélì ni mo ti mọ orúkọ rẹ̀, mo sì rò pé bíi yìnyín tó ń lu páànù wa ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í dún. Ó ń bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òwú àràbà ṣe ń fò kiri nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo jí láàárọ̀, mo rò pé mo ti di adití, torí gbogbo àdúgbò ló dákẹ́. Nítorí náà bí àràbà bá wà nítòsí yín, ẹ ṣa òwú rẹ̀, ẹ dà á láti orí àga kí àwọn ọmọ dúró sábẹ̀. Kó má wọ imú wọn ṣá.

Nípa béárì: àwọn ọmọ yín mọ béárì tí Dáfídì pa. Ẹ̀yà rẹ̀ ni eléyìí, ṣùgbọ́n ó tóbi ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lọ. Ẹ mú rúlà ilé-ìwé, èyí tó jẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà. Àtẹ́sẹ̀ béárì funfun tó dàgbà lè fẹ̀ tó rúlà náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi eérú ya àtẹ́sẹ̀ yẹn sí àgbàlá, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ tiwọn sínú rẹ̀. Akọ rẹ̀ lè wúwo ju 500 kìlógíráàmù lọ, àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá nìyẹn. Ìlú kan wà níhìn-ín, Churchill, létí Hudson Bay, tí àwọn béárì máa ń kóra jọ sí lọ́dọọdún kí òtútù tó mú, tí wọ́n ń dúró de ìgbà tí omi yóò dì kí wọ́n lè lọ ṣọdẹ síìlì.

Èyí tí inú mi dùn jù láti sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni pé awọ ara béárì funfun dúdú. Bẹ́ẹ̀ ni, dúdú bíi tiwa. Irun tó bò ó ni a ń rí. Ẹ ní kí wọ́n wo imú rẹ̀ nínú àwòrán, wọ́n á rí i.

Tísà Nọ́sìrì (Ìsánlú)

Ọ̀rọ̀ awọ yẹn wọ̀ mí lára. Màá lò ó ní sáà tó ń bọ̀.

Ìyá Àgbà Ògìdì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ-ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ mi, aṣọ híhun ni iṣẹ́ mi. Ọmọ mi tó wà ní Lọ́kọ́ja ló kà nípa pẹ́ńgúìnì fún mi, láti ìgbà náà ni mo ti ń pa á nítàn.

Irú tó tóbi jù lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní emperor, inú òtútù tó le jù nínú ọdún ni ìyá rẹ̀ ń yé ẹyin. Ẹyin kan péré. Kò sí ìtẹ́, kò sí koríko tí wọ́n lè fi ṣe é. Ìyá á gbé ẹyin náà fún bàbá, á lọ wá oúnjẹ nínú òkun. Bàbá á gbé ẹyin sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, á fi ìṣẹ́po awọ ikùn rẹ̀ bò ó, á sì dúró bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì ó lé díẹ̀. Kò ní jẹ nǹkan kan. Bí a bá ka ọjọ́ tó ti lò kí ẹyin tó dé, ó sún mọ́ oṣù mẹ́rin láìfi oúnjẹ kan ẹnu. Bí ẹyin bá bọ́ sórí yìnyín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Bí a ṣe ń ṣeré rẹ̀ rèé. Ọmọ á gbé ọsàn sórí ẹsẹ̀ méjèèjì, á máa wọ́ ẹsẹ̀ lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí òfì mi. Ó gbọ́dọ̀ gbé e fún ẹlòmíì láìfọwọ́ kàn án. Ẹ mú bàbá wọn wá ṣe é pẹ̀lú.

Láàárọ̀ ọyẹ́, mo máa ń ní kí wọ́n fún mọ́ ara wọn gbágbá ní ìta, bí àwọn bàbá yẹn ṣe ń ṣe ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú ìjì. Àwọn tó wà létí á máa rọra wọ àárín, àwọn àárín á máa bọ́ sétí, kí òtútù má bàa jẹ ẹnì kan jù. Àwọn ọmọ mi ń jà tẹ́lẹ̀ lórí ẹni tó máa sùn sí àárín ẹní. Wọ́n ti ń gbà á fún ara wọn báyìí.

Nítorí pé aṣọ ni mo mọ̀, mo tún fi ìyẹ́ rẹ̀ wé aṣọ tí a hun tó dì dáadáa. Aṣọ tó bá fẹ́lẹ́, atẹ́gùn á gbà á kọjá. Ìyẹ́ pẹ́ńgúìnì kúrú, ó sì lé ara wọn lórí débi pé omi kò rí àyè wọlé.

Bàbá Ìbejì (Odò-Ẹ̀rẹ̀)

Oúnjẹ ni tiwa. A bu edé sínú àwo, mo ní kí wọ́n ka ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Mo sọ fún wọn pé àbùùbùtán aláwọ̀ búlúù, ẹran tó tóbi jù láyé, tó lè gùn tó mítà 30, irú edé kékeré báyìí ló ń jẹ nínú òkun Antarctica. Ọ̀kan nínú wọn kò gbà. A fi okùn wọn mítà 30 lójú ọ̀nà níwájú ilé, ó rìn ín láti òpin dé òpin, ó padà wá wo edé nínú àwo. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọmọ Mọ̀pà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà. Mo gbọ́ pé yìnyín àríwá ń dín kù lọ́dọọdún nítorí pé ayé ń gbóná. Ṣé kí n sọ ọ́ fún ọmọ ọdún márùn-ún?

Tísà Nọ́sìrì (Ìsánlú)

Èmi kì í sọ ọ́ fún àwọn tí kò tíì tó ọdún mẹ́fà. Mo sọ ọ́ lọ́dún kan, ọmọ kan kò sùn, ìyá rẹ̀ wá bá mi pé ó ń sunkún pé béárì fẹ́ rì sómi. Ó dùn mí títí dòní. Kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ràn ẹran náà ná.

Bàbá Olùkọ́ (Ìyàrà)

Mo gbà pẹ̀lú Tísà lórí àwọn kékeré. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà, méje tó bá bi ọ́, má ṣe purọ́ fún un. Sọ fún un pé òótọ́ ni, yìnyín orí òkun àríwá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ti dín kù gan-an sí bó ṣe rí nígbà tí àwọn sátẹ́láìtì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́ ní 1979, kí o sì sọ pé àwọn àgbà ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. Sọ fún un pé ní 1959, orílẹ̀-èdè 12 fọwọ́ sí àdéhùn pé kò ní sí ogun jíjà ní Antarctica, pé fún ìwádìí ìmọ̀ ni ibẹ̀ wà. Inú ọmọ máa ń dùn láti gbọ́ pé àgbààgbà jókòó, wọ́n sì fẹnu kò.

Kí ẹ má sì gbàgbé àwọn èèyàn. Kò sí ìran kankan tó ń gbé Antarctica, àwọn onímọ̀ tó ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àríwá, àwọn Inuit wà, àwọn Sámi tó ń da ẹran kiri bí àwọn Fúlàní ṣe ń da màlúù wà. Ìlú wọn ni. Kí ọmọ má rò pé ẹranko nìkan ló ń gbébẹ̀. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà pẹ̀lú, Matthew Henson, ará Amẹ́ríkà, tó bá Robert Peary rin ìrìn àjò lọ sí ìpẹ̀kun àríwá ní 1909. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá wọ́n dé ojú ibẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jiyàn pé Henson gbọ́ èdè àwọn Inuit, tó sì mọ bí a ṣe ń darí ajá tó ń fa ọkọ̀ orí yìnyín.

Ìyá Dámi (Kàbà)

Ẹ̀yin ará ilé, mo dúpẹ́ títí. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn. Lọ́jọ́ Sátidé a ra yìnyín lọ́jà, ó yọ́ dé ìdajì kí n tó délé nítorí pé n kò rántí àpò. Èyí tó kù tó wa. Dámi da iyọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gba ike iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ti òrí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọwọ́ sínú rẹ̀, ó ní, "Màmá, mo ti di síìlì." Mo bèèrè lọ́wọ́ aládùúgbò wa bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí kí ọmọ rẹ̀ tó dara pọ̀. SS ni lóòótọ́, n kò mọ̀ láti ọdún méjì tí a ti jọ ń gbé. Òun ló bá wa ka ìṣẹ́jú àáyá, ó sì ké e sókè.

Bàbá wọn gbé ọsàn sórí ẹsẹ̀ lálẹ́ àná láti yàrá dé ilé ìdáná. Nígbà tó débẹ̀, Dámi ní kó má tíì jẹun, pé ìyá kò tíì dé láti òkun.

Ọsàn tí a gún nígi ti ń rà báyìí. Ta ló ní àwòrán ayé róbóróbó, èyí tó ń yí lórí ìdúró, tí mo lè yá fún ọ̀sẹ̀ kan?

Bàbá Olùkọ́ (Ìyàrà)

Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi. Ìdúró rẹ̀ ti ṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń yí. Mò ń bọ̀ ní Kàbà lọ́jọ́ ọjà, màá gbé e dání. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n Dámi kó ti wá ibi tí Churchill wà sílẹ̀ de ìgbà tí mo bá dé, àríwá Kánádà ni, létí omi ńlá kan tó wọ inú ilẹ̀.